Ìpè sí báńkì tó wà lókè òkun: nọ́ńbà wo ni kí n pè?

Ìbéèrè: Báńkì tó fún mi ní káàdì wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n yọ owó tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀ lórí káàdì náà. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kọ́sítọ́mà kéà wọn kò lọ rárá. Èyí tí mo tún rí fi mí sídìí orin títí, ìpè sì já. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kì í sábà ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, torí pé ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń pè ló ń san owó ìpè náà, àdéhùn tó sì ṣe kì í sábà kọjá orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bí àwọn nọ́ńbà tó fi 800 àti 888 bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó fi 0800 bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì yín. Nọ́ńbà tí àwọn tó wà lókè òkun ń pè sábà máa ń wà níbẹ̀, àmì + ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo áàpù báńkì tàbí sítétímẹ́ǹtì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn pe èyí tó kọ́kọ́ jáde lórí Google: àwọn oníjìbìtì máa ń sanwó ìpolówó kí nọ́ńbà tiwọn lè hàn lókè pátápátá.

Ẹ tún kíyè sí iye tí ìdúró ń náni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọ́n ń pe nọ́ńbà tilé lásán náà ni wọ́n fi ń pe nọ́ńbà tó fi 03 bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó fi 084 àti 087 bẹ̀rẹ̀ ní owó iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kún un. Òfin Jámánì ti dín owó àsìkò ìdúró lórí àwọn nọ́ńbà àkànṣe kù láti ọdún 2013, àmọ́ bí ẹ bá pè láti òkèèrè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín ṣì lè gba owó tirẹ̀.

Tí ẹ̀rọ bá ń ka àwọn ẹ̀ka fún yín, èyí tó wà fún káàdì tó sọnù tàbí jìbìtì ni kí ẹ tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà, ó sì sábà máa ń ṣí tọ̀sán-tòru. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn tẹ ẹ̀ka àwọn tó fẹ́ ṣí àkáǹtì tuntun kí wọ́n lè tètè gbé e. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Ẹni tó máa gbé e kì í sábà ní àṣẹ láti wo àkáǹtì yín. Yóò ta àtaré ìpè yín sí ẹ̀ka mìíràn, ẹ̀yìn àwọn tó ti ń dúró lẹ ó sì bọ́ sí. Ìgbà àtaré yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìpè máa ń já. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń pè, ohùn nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ̀rọ á rò pé ẹ kò tẹ nǹkan kan, á sì gé e. Ẹ fi ìpè fóònù lásán gbìyànjú rẹ̀.

Kí ẹ tó pè, ẹ kọ ọjọ́ tí owó náà jáde, iye rẹ̀, àti orúkọ oníṣòwò gẹ́lẹ́ bó ṣe hàn lórí sítétímẹ́ǹtì. Gbàrà tí èèyàn bá gbé e, ẹ fún un ní nọ́ńbà tó lè fi pè yín padà bí ìpè bá já. Ẹ ní kó dí káàdì náà, kó sì fún yín ní nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pè yín lẹ́yìn náà, tó ń béèrè PIN tàbí kóòdù tó wọlé sórí fóònù yín, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì.

Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ̀wé. Lórí káàdì ìrajà-àwìn ní Amẹ́ríkà, ìpè nìkan kò dáàbò bo ẹ̀tọ́ yín tán lábẹ́ Fair Credit Billing Act, òfin tó jẹ mọ́ àṣìṣe nínú owó tí wọ́n bù lé káàdì àwìn. Lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí wọ́n fi sítétímẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí owó náà hàn nínú rẹ̀ ránṣẹ́, àdírẹ́sì tó wà fún ìbéèrè lẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sanwó sí. Wọ́n ní ọjọ́ 30 láti jẹ́wọ́ pé ó dé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 90 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni báńkì sábà máa ń ní láti dáhùn ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ owó sísan. Ọ̀sẹ̀ 8 ni fún ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn mìíràn. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí wọn kò dáhùn rárá, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń yanjú aáwọ̀ láàárín báńkì àti oníbàárà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà.