Ìbéèrè yín: Kámẹ́rà ní irin tí à ń fà ń fẹ̀ sí i

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹnìkejì mi ń ṣe projẹ́ẹ̀tì àṣejáde wa ní Yàbá níbí. Irin pẹlẹbẹ là ń fà nínú máṣíìnì, a kùn ún ní pẹ́ńtì funfun, a fọ́n dúdú wínníwínní sí i lára bí ìyẹ́ awó, kámẹ́rà kan ń ya fọ́tò rẹ̀, sọ́fítíwíà digital image correlation wá ń fi fọ́tò wé fọ́tò láti mọ bó ṣe nà. Strain gauge, nǹkan kékeré tó ń wọn bí irin ṣe nà, tá a lẹ̀ mọ́ ojú kan náà ní 600 microstrain ló fi gùn (microstrain kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gígùn irin), kámẹ́rà ní 850. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù, kámẹ́rà ní ìbú irin náà fi 70 fẹ̀. Lẹ́ńsì jìnnà sí irin ní 40 sẹ̀ntímítà. Ṣé ká wá sọ́fítíwíà míì ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má náwó kankan o. Nọ́ńbà 70 yẹn ló tú àṣírí. Nǹkan tá a bá ń fà, bó ṣe ń gùn ni ìbú rẹ̀ ń sún kì, wo rọ́bà tó o bá fà á lọ́wọ́. Ti irin, ìdá 0.3 ohun tó fi gùn ni ìbú fi ń dín, torí náà tó bá fi 600 gùn, ìbú gbọ́dọ̀ fi 180 dín. Tìrẹ wá ń fẹ̀! Irin yẹn ò fẹ̀ rárá, ó sún mọ́ kámẹ́rà ni. Tó o bá gbé fóònù sún mọ́ ojú ẹni tó ò ń yà, ojú á tóbi lóòró tóbi níbùú, bẹ́ẹ̀ ojú ò wú. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ò lè mọ èyí tó nà yàtọ̀ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Fi bó ṣe jìnnà pín bó ṣe sún: 0.1 mílímítà péré nínú 400 mílímítà, 250 microstrain nìyẹn, òun gan-an ló wà láàárín 600 sí 850, òun náà ló gbé ìbú kúrò ní dídín 180 tó fi di fífẹ̀ 70.

Irọ́ yẹn dọ́gba lóòró àti níbùú, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé yọ. Yọ 70 kúrò nínú 850, ó ku 780, fi 1.3 pín in (1 tó fi gùn àti 0.3 tó fi dín), 600 ló jáde, ohun tí strain gauge ti ń sọ látàárọ̀! Àmọ́ kìkì ìgbà tí irin ò tíì kọjá ibi tó ti lè padà sí bó ṣe wà lo lè ṣe é, torí lẹ́yìn ìyẹn 0.3 ò dúró mọ́.

Ibi tí máṣíìnì ti gbá irin mú ló sábà ń jẹ́ kó sún mọ́ kámẹ́rà, bí ẹrù bá ṣe kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gbogbo rẹ̀ á tọ́ ara rẹ̀ sí. Kọ́kọ́ fà á díẹ̀ kó o tó ya fọ́tò àkọ́kọ́. Gbé kámẹ́rà sẹ́yìn tó mítà kan, kó o lo lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan mọ́ra, 0.1 mílímítà kan náà á di 100. Tẹ́ ẹ bá rí kámẹ́rà kejì yá, ẹ fi méjèèjì wò ó, ìyẹn ló dáa jù lójú tèmi.

Kó o tó fa nǹkan kan, ya fọ́tò mẹ́wàá láì fọwọ́ kan irin. Ohunkóhun tí sọ́fítíwíà bá ní ó nà, irọ́ ni, ibẹ̀ lo ti máa mọ bí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé ṣe ń mi tábìlì yín tó. Tan kámẹ́rà sílẹ̀ bíi wákàtí kan kó gbóná tán, torí bó ṣe ń gbóná lọ fọ́tò ń yẹ̀, má sì jẹ́ kí iná tó ń gbóná wà lábẹ́ ibi tó ń wò, afẹ́fẹ́ á máa jó bíi ti ojú títì lọ́sàn-án gangan. Àmì dúdú kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó tó píksẹ̀lì 3 sí 5, tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ sọ́fítíwíà á máa ṣì í.

Tí fọ́tò mẹ́wàá yẹn bá sọ ju 100 lọ, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó fa irin míì.