Èsì: Ṣé ẹni 62 ọdún ṣì lè kọ́ àwòrán yíyà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀, mà. Orúkọ èèyàn tí ẹ ní ó ń pẹ́ kó tó wá sí yín lẹ́nu kò ní kí ọpọlọ yín má lè dá ọnà tuntun. Ìyára lọjọ́ orí ń dín kù, bíi kéèyàn ṣírò owó lórí wàràwàrà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ àti ìmọ̀ yín ṣì lè máa pọ̀ sí i.

Grandma Moses, ìyá àgbà kan ní Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi ń ṣe ọnà sára aṣọ. Nígbà tí làkúrègbé mú un lọ́wọ́, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó ti lé ní 75 nígbà náà, ó sì ń yàwòrán títí ó fi pé 100!

Àmọ́ tí ẹ bá ti ń ṣìnà ọjà tí ẹ ti ń ná tipẹ́, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.