Lẹ́túùsì tó ń na ọrùn sókè nínú ẹ̀ẹ̀rùn Ìbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá lẹ́túùsì yín tó ń ga sókè n'Ìbàdàn lóṣù Kejì yìí yóò tún so ewé dídùn bí ẹ bá gé orí rẹ̀, rárá o, kò ní so ó. Bí igi àárín rẹ̀ bá ti ń yọ, tí oje funfun sì ń jáde lójú ọgbẹ́, ńṣe ni yóò máa korò sí i, nítorí náà ẹ tètè ká èyí tó ṣì ṣeé jẹ.

Nígbà tí lẹ́túùsì tèmi náà ń ga bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gba àwa àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní àdúgbò wa sọ fún mi pé ebi ajílẹ̀ ló ń pa á, ó sì ní kí n ra yúríà, ìyẹn ajílẹ̀ oníkẹ́míkà kan. Ewé náà dúdú minimini lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ga lọ ni, ó sì korò débi pé àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi dá a padà lójú gbogbo ayé. Òṣìṣẹ́ náà kò tilẹ̀ béèrè bóyá ìbòòji wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru ló ń lé lẹ́túùsì láti yọ òdòdó. Èyí tí mo tún gbìn kò hù rárá. Ẹni tó ta irúgbìn náà ní omi mi ló burú, nígbà tó yá ó ní ilẹ̀ mi ni, ó sì fẹ́ ta oògùn fún mi, nígbà tó jẹ́ pé hóró lẹ́túùsì máa ń kọ̀ láti hù bí ilẹ̀ bá gbóná kọjá nǹkan bíi 30°C. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sómi wé hóró náà sínú fìríìjì, níbi tí kì í ti di yìnyín, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, kí iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ má sì ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń mú un hù.

Fún ìbòòji, àwọ̀n tó ń dí ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni kí ẹ ta sórí ọparun, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ tí kò nípọn náà ń ṣe é. Ìbomirin, ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí kànga bá gbẹ, ẹ dákun, ẹ má fa omi gọ́tà, torí láìsè ni wọ́n ń jẹ ewé yìí.

Ẹ má sì gba irúgbìn lára èyí tó kọ́kọ́ tanná, torí àwọn ọmọ rẹ̀ náà yóò máa yára tanná. Ìparí oṣù Kẹwàá ni kí ẹ gbin òmíràn, kí ẹ lè kórè rẹ̀ nígbà ọyẹ́, kí ó sì jẹ́ irú tó ń ṣí ewé sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń di orí bíi kábéèjì.