Ẹ̀yìn ẹni tí o fẹ́ yà ni kí o kọ́kọ́ wò

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà Canon àlòkù kan, lẹ́ǹsì 18-55mm ló bá a wá, o sì fẹ́ máa ya àwọn èèyàn ní ìgboro Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, láìjẹ́ pé wọ́n dúró fún ọ. O ní bí o bá ti gbé e sójú, àwọn kan á na ìka méjì sókè, àwọn kan á fọwọ́ bojú, ìyá kan ní Bẹẹrẹ tilẹ̀ ju ìgbálẹ̀ lù ọ́. Èyí tí o bá rí yà á ṣú, tàbí kó rí bàìbàì. O wá ń béèrè bóyá kí o ra lẹ́ǹsì gígùn kí o lè máa yà wọ́n láti òkèèrè.

Mo ka èsì àwọn tó ṣáájú mi. Gbogbo wọn ń sọ ti ìgboyà: sún mọ́ wọn, má bẹ̀rù, yà á kí o máa lọ. Ìgboyà kò gbà mí lọ́wọ́ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba. Kí o tó wo ẹni tí o fẹ́ yà, wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́ǹsì gígùn yẹn gan-an ló wà lára kámẹ́rà mi lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi ní Erékùṣù Èkó. Alábàárù kan ru ìdì aṣọ tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó ń já láàárín àwọn ọkọ̀ lójú ọ̀nà kan tó jáde láti Balógun. Oòrùn àárọ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, òógùn ń dán lọ́rùn rẹ̀. Mo yà á, kò tilẹ̀ mọ̀. Kí n tó yíjú, ẹnì kan ti gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú. Géètì kan wà lódìkejì ọ̀nà, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, kò sí àkọlé lára rẹ̀, kò sí pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló wà nínú rẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ló mú mi.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, “Ta ló rán ọ?” Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n ní irọ́ ni. Mo ṣí fọ́tò náà, mo ní ẹ wò ó, alábàárù nìyí. Ọ̀kan nínú wọn ní alábàárù kọ́ ni òun ń wò, igun géètì tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Lóòótọ́ igun géètì yọ, díẹ̀ báyìí. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ní kí n ṣí i. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ń bá ara wa sọ lórí WhatsApp sókè ketekete, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, èéfín ń fẹ́ sí mi lójú. Mo ní mo fẹ́ tọ̀, wọ́n ní kí n dúró de ọ̀gá. Ọ̀gá dé lọ́sàn-án. Ó yí kámẹ́rà náà síwá sẹ́yìn, ó ní òun mọ̀ nípa kámẹ́rà dáadáa, pé irú lẹ́ǹsì báyìí, àwọn amí ló ń lò ó. Lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń ya ìyàwó lóde ìgbéyàwó! Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní kí n panu mọ́.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fà mí lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn yẹn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ìjọba ni mo ń yà. Mo ní mi ò ní kọ ohun tí mi ò ṣe. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwé kan wà lára ògiri lókè orí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ ìwé yẹn ni wọ́n ti dárúkọ iye tí màá san kí n tó lọ sílé. Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ lọ́yà ló dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ohùn wọn bá rọ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà fún mi. Wọ́n ti pa gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ rẹ́, ti ọjọ́ yẹn àti ti ìsọmọlórúkọ kan tí mi ò tíì kó sórí kọ̀ǹpútà. Inú ń bí mi títí dòní. Ẹ̀ṣọ́ lè béèrè ohun tí mò ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ti dá mi lẹ́bi kí n tó la ẹnu.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pa fọ́tò rẹ rẹ́ nínú káàdì kámẹ́rà, má ya ẹyọ kan ṣoṣo mọ́. Pa kámẹ́rà, yọ káàdì, fi sápò. Fọ́tò tí wọ́n pa rẹ́ ṣì wà lórí káàdì títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni. Òun ni mo fi wá tèmi, ọ̀pọ̀ ló padà, ti ìsọmọlórúkọ náà padà. Orí kọ̀ǹpútà ni kí o kó èyí tó bá rí sí, má kó o padà sórí káàdì kan náà. Bó bá jẹ́ fóònù ni o fi yà á, wo ibi tí àwọn fọ́tò tí a pa rẹ́ máa ń lọ: iPhone máa ń tọ́jú wọn fún ọjọ́ 30, Google Photos máa ń tọ́jú èyí tó ti gbé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ 60.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kò sí òfin tó ní kí á má ya fọ́tò ní ìta gbangba. Wọn ò parí ọ̀rọ̀. Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 ka yíya ibi tí ìjọba bá ń dáàbò bò léèwọ̀. Bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá, ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ibi tí ìbọn wà lẹ́nu ọ̀nà, má jẹ́ kí wọ́n yọ nínú fọ́tò rẹ, kódà kó jẹ́ ẹlẹ́pà ni o ń yà. Ìwọ náà sì ní ẹ̀tọ́. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú sọ̀rọ̀, àti pé láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un, ní èdè tó gbọ́. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn, má fi jà lójú títì. Kọ nọ́ńbà ẹnì kan tó gbọ́ òfin sórí ìwé kí o fi sápò, torí fóònù ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà.

Ní ti ìyá tó ju ìgbálẹ̀, má bínú sí i. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ti rí i pé ẹni tó wá ya ṣọ́ọ̀bù lónìí, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri ń dé, lẹ́yìn ìyẹn ni katakátá. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé o fẹ́ gbé ojú wọn sórí Facebook kí o fi tọrọ owó. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹnì kan lè fi àwòrán wọn ṣe oògùn. Ìwọ tí wọn ò mọ̀ rí, o kàn gbé irin dúdú sójú, kí ni kí wọ́n rò?

Mo sanwó fún olùkọ́ kan nígbà kan, inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ń kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ Robert Capa ló ń tẹnu mọ́, pé bí fọ́tò rẹ kò bá dára tó, o kò sún mọ́ ọn tó ni. Kò sọ fún wa pé ayàwòrán ogun ni Capa, pé àdó olóró abẹ́ ilẹ̀ ló pa á ní Vietnam ní 1954. Kò kọ́ wa bí a ṣe ń kí ìyálọ́jà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún mi nìyí. Mú ibì kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ Ọjà'ba ni, lọ láàárọ̀, gbé kámẹ́rà kọ́rùn kí gbogbo ayé rí i, má fi pamọ́. Kí wọn: ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ra nǹkan. Sọ ohun tí o wá ṣe, fi èyí tí o ti yà ṣáájú hàn wọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ na ìka méjì, ya ti ìka méjì náà fún wọn, kí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, jókòó. Oníbàárà á dé, wọ́n á máa nawọ́, wọ́n á máa ná ọjà, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á gbàgbé rẹ. Ìgbà yẹn ni fọ́tò tí ò ń wá ń bẹ̀rẹ̀. Lọ padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí o tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ìwé lọ fún wọn. Ìyá ìgbálẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ojú nìkan ni wàá máa yà. Ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere tó gbé Èkó títí ó fi kú ní 2014 bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ní 1968, ẹ̀yìn orí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwọ náà lè fi ọwọ́ aláta àti ẹ̀yìn ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má yà á. Mo bẹ̀ ọ́. Kí ẹnì kan ké “gbọ́mọgbọ́mọ” lójú ọjà báyìí, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ àlàyé rẹ, táyà àti bẹntiróò ni wọ́n máa wá. Má sì ya Orò, má ya ohun tí àwọn àgbà àdúgbò bá ní kí o má yà.

Ti bàìbàì kò le: shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ fún ẹni tó ń rìn, 1/500 bó bá ń sáré. Gbé aperture (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì) sí f/8, jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan ISO (bí ó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) fúnra rẹ̀ dé 3200. Fi lẹ́ǹsì sí 24, fojú rẹ̀ sí ohun tó wà ní mítà 3, wá yí i sí MF (ibi tí kámẹ́rà kì í ti fúnra rẹ̀ wá ohun tó máa fojú sí) kó má baà máa wá ojú kiri. Ohun tó bá wà láti bíi mítà 2 títí kọjá 10 ló máa mọ́lẹ̀ kedere. Fọ́tò rẹ ń ṣú torí pé òfuurufú funfun àti páànù tó ń dán ń tan kámẹ́rà jẹ, ó sì ń mú kí ojú èèyàn ṣú. Fi +1 kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ níbi tí kámẹ́rà pè ní exposure compensation. Ẹni tó bá wà lábẹ́ agbòòrùn pupa, ojú rẹ̀ á pọ́n, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ni kí o fi yà á kí o lè tún un ṣe nílé.

Lẹ́ǹsì tí o béèrè ńkọ́? Má ra gígùn. Henri Cartier-Bresson, ẹni tí gbogbo àwọn tó ń ya ìgboro ń tọ́ka sí, lẹ́ǹsì 50mm ló ń lò jù lọ lórí kámẹ́rà Leica rẹ̀, ó sì fi téèpù dúdú bo ibi tó ń dán lára rẹ̀. Lórí irú Canon tìrẹ yìí, 35 lára 18-55 ló sún mọ́ ọn jù. Lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ títí ọdún á fi yí po. Bí owó bá wá ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí o fẹ́ ra àlòkù ní Computer Village ní Ìkẹjà, má gbọ́ ti ẹni tó ń tà á. Mú tọ́ọ̀ṣì lọ, tàn án gba inú lẹ́ǹsì kọjá. Bí o bá rí ohun tó rí bí okùn aláǹtakùn nínú gíláàsì rẹ̀, olu tó ń hù nínú lẹ́ǹsì ni, ọ̀rinrin ló fà á, gbé e padà fún un.