Ẹ Bi Wá: Mo Kó Ẹrù Jáde, Ilé Tún Kún Padà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Fúláàtì oníyàrá méjì là ń gbé l'Ákọ̀bọ̀, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta, ilé yẹn ti kún débi pé a ò rọ́nà kọjá mọ́. Mo máa ń wo àwọn tí wọ́n ń pera wọn ní mínímálístì lórí YouTube, ìyẹn àwọn tí kì í kó ẹrù jọ, ilé wọn mọ́ tónítóní, lèmi náà bá kó àpò aṣọ bíi mélòó kan jáde, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tílé tún fi kún padà. Ìyá ọkọ mi ní ṣé owó ló tán lọ́wọ́ wa ni. Aṣọ ẹbí ọmọ àbúrò bàbá mi tún wà nílẹ̀. Ṣé nǹkan yìí ṣeé ṣe n'Íbàdàn níbí, àbí tòyìnbó ni? (Ìyá Ìbejì, Àkọ̀bọ̀)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé o. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ohun tó jẹ́ kílé tún kún ni pé ẹrù lẹ kó jáde, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ibi tẹ́rù ń gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Kíkó àpò aṣọ síta, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tẹ́ ẹ bá ti òde dé ní Sátidé, àti bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sọ́jà, ìyẹn ló máa sọ bílé yín ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wo àwọn nǹkan tí wọ́n ń pín lóde àríyá. Èèyàn lọ òde méjì lọ́jọ́ kan, ó gbé abọ́ rọ́bà dé, ó gbé tíréè dé, ó gbé ife tí wọ́n tẹ fọ́tò olóògbé sí dé, gbogbo ẹ̀ wọnú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó ń fi mumi. Ẹ máa fún ẹlòmíì kẹ́ ẹ tó dénú ilé. Obìnrin tó ń fọ abọ́ níbi àríyá yẹn, ọmọ yunifásítì tó ń dá gbé yàrá l'Ágbowó, ó máa wúlò fún wọn ju bó ṣe máa wúlò nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín lọ. Àwọn kan á ní ìwà àìmoore nìyẹn, èmi ò gbà, ẹ ti lọ, ẹ ti bá wọn yọ̀, ẹ ti náwó fún wọn, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè yín nìyẹn.

Abọ́ ìjẹun náà ń kọ́? Nílé tí abọ́ bá ti pọ̀, kò sẹ́ni tó ń tètè fọ abọ́, tèyí bá dọ̀tí wọ́n á mú òmíì, títí síńkì á fi kún lálẹ́ tí ò síná tí ò sómi. Ẹ fi abọ́ kan, ife kan, ṣíbí kan sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi àwọ̀ ya tàwọn ọmọ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá tọ́jú díẹ̀ fálejò. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé tòun nìyí, tóun ò bá sì fọ̀ ọ́ òun ò ní rí abọ́ jẹun, á fọ̀ ọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni pariwo. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìyípadà ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Ní ti aṣọ, Marie Kondo, obìnrin ará Japan tó gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, aṣọ ló ní kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, kó kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan kó tó máa ṣà á, nǹkan ìrántí ló máa gbẹ̀yìn. Ó bọ́gbọ́n mu, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá rí búláùsì funfun mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ máa mọ̀ pé ẹ ò ní nǹkan ra ní Gbági lóṣù yìí. Àmọ́ ẹ má dín yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ kù o, ẹ mọ bó ṣe ń rí lójò, aṣọ á wà lórí okùn láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní gbẹ. Ẹ dín àwọn nǹkan ọ̀ṣọ́ orí ṣẹ́ẹ̀fù kù dípò ẹ̀, torí láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì téruku ọyẹ́ bá ń fẹ́ wá láti Sàhárà, àárọ̀ àárọ̀ lẹ ó máa nù wọ́n.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ kó dànù láé, ohun yòówù kí wọ́n sọ lórí YouTube. Kẹ́ẹ̀gì omi, láńtánì, stóòfù tẹ́ ẹ máa lò tí gáàsì bá tán lóru. Àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ wọn tọ̀sán tòru. Bákan náà risíìtì ilẹ̀, sátífíkéètì, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì kan.

Aṣọ ẹbí: ẹ pinnu ṣáájú, ẹ̀yin àtọkọ yín, àwọn tẹ́ ẹ máa rà á fún, bí ọmọ ìyá yín àti ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Fáwọn yòókù, ẹ ra gèlè nìkan, ẹ wọ aṣọ tẹ́ ẹ ti ní tó bá àwọ̀ yẹn mu, kẹ́ ẹ fi owó tó kù sínú ápòòwé fún olóde. Ọmọ àbúrò bàbá yín yẹn, ẹ pè é kó tó pín aṣọ, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ pinnu fún un, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun tí wọ́n fún yín láìbi wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù ọkọ yín, òun ló ni ín. Ẹ pè wọ́n wálé, ẹ ní "Màmá, ẹ bá mi wo èyí tó máa wúlò fáwọn èèyàn wa nílé." Tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn fún ẹlòmíì, inú wọn á dùn sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá ń ra nǹkan níwọ̀nba, ṣé kì í ṣe pé ó ń fi owó ṣòfò? Téèyàn bá ra ìrẹsì lápò, ó dínwó ju kó máa rà á ní kọ́ńgò kọ́ńgò lọ. (Ọ̀gbẹ́ni kan, Sángo)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Ṣùgbọ́n kí ìwọ àtàwọn aládùúgbò mẹ́ta dáwó jọ, kẹ́ ẹ ra àpò kan ní Bódìjà kẹ́ ẹ pín in, o ti rà á lówó pọ́ọ́kú, ilé ẹ ò sì kún. Ẹ̀wà ni kó o ṣọ́ra fún jù, tó bá pẹ́ kòkòrò á wọ̀ ọ́. Kó o tó jáde nílé, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò, kó o kọ ohun tó tán sínú fóònù, èyí tí o ò bá kọ, má rà á lọ́jọ́ yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù mi ń sọ pé àyè ti tán, fídíò WhatsApp ló kún inú ẹ̀. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ dídín ẹrù kù yìí? (Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Alẹ́ṣinlọ́yẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó wà nínú ẹ̀ gan-an. Lọ sínú sẹ́tíǹgì WhatsApp, pa ibi tó ti ń fúnra ẹ̀ gbé fídíò wọnú fóònù, dátà ẹ á sì pẹ́ sí i. Jáde nínú àwọn gúrúùpù tó o mọ̀ pé o kì í kà, ti ẹbí nìkan ni kó o fi sílẹ̀, àti ti ọjà.