Ṣé kí àbúrò mi fi methadone sílẹ̀ kó tó wálé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní London. Ọ̀pọ̀ ọdún ni heroin fi jẹ́ bárakú fún un, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì báyìí tó ti ń lọ mu methadone nílé apòògùn. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí a bá sì pè é, ó máa ń gbé e. Àmọ́ bàbá wa ní oògùn kan ló fi rọ́pò òmíràn. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀ kó tó wálé ní Disẹ́ńbà, ká lè mú un lọ síbi àdúrà. Ṣé òótọ́ ni pé oògùn yìí ń dáàbò bo ẹ̀mí? Ìgbà wo ló sì yẹ kó fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn àbúrò yín o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó jẹ mí lógún jù: ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìrìn àjò Disẹ́ńbà ló máa pinnu ọjọ́ tó máa fi methadone sílẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ téèyàn bá kúrò nínú ìtọ́jú yìí wà lára àsìkò tí ikú máa ń súnmọ́ ọn jù.

Mímí ni ọ̀nà tí heroin ń gbà pani. Òun, codeine, tramadol àti morphine, ìdílé kan náà ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ń dẹ ibi tó ń darí mímí nínú ọpọlọ. Tí wọ́n bá pọ̀ jù lára, mímí á máa falẹ̀ títí á fi dúró. Ẹni náà á máa han-anrun, ètè rẹ̀ á máa ṣú, àwọn tó wà nílé á rò pé oorun ló gbé e lọ.

Methadone náà wà nínú ìdílé yìí, nítorí náà bàbá yín kò parọ́: ó fi rọ́pò ni. Àmọ́ heroin á gun orí wìì, láàárín wákàtí díẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀, òógùn á bo ẹni tó lò ó, ara á máa ro ó, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, á tún sáré lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Methadone ń pẹ́ lára tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi aláwọ̀ ewé ni, mílígíráàmù kan nínú mílílítà kan. Apòògùn á wọ̀n ọ́n sínú ife kékeré, aláìsàn á gbé e mu, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ní ti ẹ̀mí tí ẹ béèrè, lọ́dún 2017 ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde tó kó iṣẹ́ 19 pọ̀. Àwọn tó gba methadone nínú rẹ̀ lé ní 122,000. Nínú 1,000 èèyàn tó wà lórí methadone fún ọdún kan, nǹkan bí 11 ló kú. Nínú 1,000 tó ti kúrò lórí rẹ̀, 36 ni. Tá a bá ka ikú àlòjù oògùn nìkan, kò pé 3 nínú àwọn tó wà nínú ìtọ́jú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13 nínú àwọn tó ti jáde. Ti buprenorphine, oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń tọ́jú bárakú heroin, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, kò yàtọ̀: ikú àwọn tó fi í sílẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń lò ó lọ.

Ẹnìkan lè ní bóyá àwọn tó jáde yẹn ni ìṣòro wọn ti le jù látilẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kékeré kan láti Sweden, tó jáde lọ́dún 2003, kì í fi í kúrò lọ́kàn mi. Èèyàn 40 ni wọ́n ṣẹ́ kèké pín sí méjì. Àwọn 20 ń gba buprenorphine lójoojúmọ́ fún ọdún kan. Fún àwọn 20 yòókù, ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi dín in kù, lẹ́yìn náà oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n ń fún wọn. Gbogbo wọn pátá ló ń rí olùgbaninímọ̀ràn. Nígbà tí ọdún yípo, 15 nínú àwọn àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ìtọ́jú, kò sì sí èyí tó kú nínú gbogbo 20. Nínú àwọn kejì, kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù sínú ìtọ́jú, 4 nínú wọn sì ti di olóògbé. Ohun tí bàbá yín fẹ́ ṣe fún àbúrò yín kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣe fún 20 yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí sí wọn létí.

Ara tó ń gba methadone lójoojúmọ́ ti mọ́ ọn lára. Tó bá fi í sílẹ̀, kì í pẹ́ tí agbára tí ara ní láti gbé e fi ń dín kù. Lọ́jọ́ tí ìfẹ́ heroin bá tún gbé e, ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa lò, ìwọ̀n tí ara rẹ̀ kò lè gbé mọ́. Nítorí èyí ni apòògùn ní Ìlú Ọba, tí aláìsàn bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ tẹ̀léra, kì í fi í gbé ìwọ̀n àtijọ́ fún un àfi kó kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ téèyàn bẹ̀rẹ̀ methadone náà léwu, torí ó ń ṣù jọ lára díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àbúrò yín ti kọjá ìyẹn.

Ìgbà wo ni kó fi í sílẹ̀? Kò sí gbèdéke. Àwọn kan ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́, tí ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ dúró dáadáa, ilé ìwòsàn rẹ̀ á máa dín in kù ní díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tí ìfẹ́ heroin bá tún ń gbé e, wọ́n á dá a padà sókè, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un, èmi náà á ṣàmín. Ṣùgbọ́n tí ibi àdúrà náà bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn lọ́wọ́ èèyàn, ẹ má mú un débẹ̀.

Kó sọ fún ilé ìwòsàn rẹ̀ báyìí pé òun ń bọ̀ wálé, kó gba lẹ́tà tó kọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sí. Tí ìrìn àjò náà bá máa tó oṣù mẹ́ta, ó nílò ìwé àṣẹ láti Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba. Kó béèrè òfin ti Nàìjíríà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú wa ní London kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá délé, inú àpótí alágàdágodo ni kí oògùn náà wà, torí ẹ̀kún ẹnu kan péré lè pa ọmọdé. Kó má fi ọtí tàbí diazepam, oògùn tó ń múni sùn, kún un. Kó sì mú naloxone dání, oògùn tí wọ́n ń fín sí imú láti dá mímí padà tí heroin tàbí methadone bá pọ̀ jù lára, kó kọ́ ẹ̀yin náà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tẹ́ ẹ bá lò ó fún un, ẹ ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí naloxone á ti tán lára kí methadone tó tán.