Ṣé ẹni tó wù mí ni kí n dìbò fún, àbí ẹni tí wọ́n ní yóò wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé, mo sì ti gba ìwé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat fún ipò ààrẹ ní ọdún 2028 ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí n óò kópa nínú rẹ̀. Bí mo bá ti dárúkọ ẹni tó wù mí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀ṣì a ní ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò lè wọlé, kí n má fi ìbò mi ṣòfò. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó lè wọlé? Ṣé ó sì yẹ kí n tìtorí ìyẹn fi ẹni tó wù mí sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ìwé ọmọ-ìlú tí ẹ gbà. Inú mi dùn pé ẹ ń ro ọ̀rọ̀ ìdìbò yìí kí àkókò rẹ̀ tó dé. Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán, nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti yí ìdìbò abẹ́lé padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn lè fi sọ pé olùdíje kan kò lè wọlé. Ó lè jẹ́ pé kò ní í rí tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà rárá. Ó sì lè jẹ́ pé bó bá tilẹ̀ gbà á, ẹgbẹ́ kejì yóò fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìdìbò gbogbogbòò ní oṣù kọkànlá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú, nítorí a lè fi ìṣirò mọ ti àkọ́kọ́ dé ìwọ̀n kan, àmọ́ àbá lásán ni èkejì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Nílé, nígbà tí ẹgbẹ́ APC yan ẹni tí yóò díje fún ipò ààrẹ ní Eagle Square, Àbújá, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn dẹlígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń yan ẹni tí yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n dìbò. Ní Texas, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò dìbò, iye ìbò tí olùdíje kọ̀ọ̀kan bá sì rí ni wọn yóò fi pín dẹlígéètì fún un. Òfin ẹgbẹ́ Democrat ni pé ẹni tí kò bá rí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kò ní ní ìpín nínú dẹlígéètì tí wọ́n ń pín níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìṣirò yìí fún ìpínlẹ̀ lápapọ̀, wọ́n sì tún ń ṣe é fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò rí nǹkan kan gbà lókè lè rí díẹ̀ gbà nísàlẹ̀. Ní ọdún 2020, Sẹ́nétọ̀ Elizabeth Warren rí nǹkan bí ìdá 11 nínú ìbò Texas, Michael Bloomberg sì rí díẹ̀ lé ní ìdá 14. Àwọn méjèèjì kò kúnjú òṣùwọ̀n lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ ó lé ní 200,000 ènìyàn tó dìbò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà, bí ìwádìí èrò aráàlú bá ń fi hàn léraléra pé ìdá 4 tàbí 5 péré ni ẹni tó wù yín ní ní Texas, tí ọjọ́ ìdìbò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òótọ́ ni àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń sọ: ìbò yín lè má mú dẹlígéètì kankan wá.

Ti oṣù kọkànlá ni ó le. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé olùdíje kan kò lè borí nínú ìdìbò gbogbogbòò, kì í sábà jẹ́ olùdíje náà ni ó ń wò. Ó ń rò nípa ohun tí àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí yóò ṣe ní Pennsylvania, Michigan àti Wisconsin, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti lè borí. Ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n bi àwọn olùdìbò Democrat léèrè bí wọ́n ṣe ń jáde ní ibùdó ìdìbò, ó lé ní ìdajì wọn, ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ní ẹni tó lè borí Donald Trump ni àwọn ń wá, ju ẹni tí èrò rẹ̀ bá tàwọn mu lọ. Ní ọdún 2019, ìwádìí kan ti gba ọ̀nà méjì bi àwọn ènìyàn léèrè. Wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ dìbò fún. Wọ́n wá bi wọ́n pé, ká ní agbára wà lọ́wọ́ wọn láti fi ẹnikẹ́ni jẹ ààrẹ láìsí ìdìbò rárá, ta ni wọn yóò fi jẹ? Joe Biden ni ó síwájú nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, Warren sì bọ́ síwájú nínú èkejì. Àwọn kan wà, nígbà náà, tí wọ́n fẹ́ràn Warren jù lọ, àmọ́ tí wọ́n ń gbé ìbò wọn fún ẹlòmíràn nítorí wọn kò gbà pé àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé àwọn.

Ẹ wo bí irú èrò yìí ṣe ń ràn. Ní Iowa àti New Hampshire, ìpínlẹ̀ méjì tó kọ́kọ́ dìbò, Biden ṣe ipò kẹrin ní ti àkọ́kọ́, ó ṣe ipò karùn-ún ní èkejì, ọ̀pọ̀ sì ti ń sọ pé ó ti tán fún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2020, James Clyburn, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láti South Carolina, tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ bọ̀wọ̀ fún gidigidi, kéde pé Biden ni òun ń ṣe. Ní ọjọ́ 29, Biden kó ohun tó lé ní ìdá 48 nínú ìbò ìpínlẹ̀ náà. Pete Buttigieg jáwọ́ nínú ìdíje ní ọjọ́ kejì, Amy Klobuchar jáwọ́ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì wá sí Dallas, ní Texas tiyín níbẹ̀, láti kéde pé ẹ̀yìn Biden ni àwọn wà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ọjọ́ 3 oṣù kẹta tán, Biden ló gba 10 nínú ìpínlẹ̀ 14 tó dìbò lọ́jọ́ náà, Massachusetts tí í ṣe ìpínlẹ̀ Warren sì wà lára wọn. Biden kò yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, kò sì gbé ètò tuntun kankan jáde. Ohun tó yí padà ni ohun tí olùdìbò kọ̀ọ̀kan rò pé àwọn yòókù fẹ́ ṣe, bí àwọn kan sì ṣe ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni rírọ́ wọn ń di ẹ̀rí fún àwọn tó kù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wọ ilé olóúnjẹ tí èrò kún inú rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tó kàn yín gan-an. Ní Texas, ọjọ́ 28 oṣù kejì ni àyè láti dìbò ṣáájú ọjọ́ ìdìbò parí lọ́dún náà, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tó fara rẹ̀ lọ síbùdó láti lo àyè náà ti dìbò kí South Carolina tó dìbò. Bernie Sanders, tí òun náà ń bá Biden díje, ni ó síwájú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ìbò tí wọ́n dì ṣáájú. Àwọn tó jáde lọ́jọ́ ìdìbò gan-an ni wọ́n gbé Biden borí. Àwọn tó sì ti dìbò fún Buttigieg àti Klobuchar kò rí ọ̀nà gba ìbò wọn padà.

Ìtàn ọdún 2008 ni mo sábà máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jù, nítorí ó fi hàn pé ẹ̀rí gidi lè yí èrò yìí padà sí rere. Ní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní South Carolina ni ó wà lẹ́yìn Hillary Clinton. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn Barack Obama. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà pé òyìnbó yóò dìbò fún aláwọ̀ dúdú láti jẹ ààrẹ, wọ́n sì ní ìdí tó pọ̀ nínú ìgbé-ayé wọn láti rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Obama borí ní Iowa ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2008, ní ìpínlẹ̀ tí ó lé ní mẹ́sàn-án nínú ènìyàn mẹ́wàá ti jẹ́ òyìnbó. Iowa kò kọ́ wọn ní ohun tuntun nípa Obama, nípa àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wọn. Kí oṣù náà tó parí, Obama gba ìbò South Carolina ní ìlọ́po méjì ti Clinton àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ “kò lè wọlé” máa dùn mí nígbà tí kò bá ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ènìyàn tí kò ní ẹ̀tanú kankan lọ́kàn lè di ẹni tó ń bá ẹlẹ́tanú ṣiṣẹ́, nítorí pé ó ń yọ obìnrin tàbí aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ìdíje kí ẹlẹ́tanú náà tó débẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín lè sọ pé Clinton fìdí rẹmi ní 2016, Kamala Harris náà sì fìdí rẹmi ní 2024. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbò tí Clinton rí káàkiri orílẹ̀-èdè fi ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ju ti Trump lọ, Harris sì díje láìla ìdìbò abẹ́lé kọjá lọ́dún náà, lẹ́yìn tí Biden yọwọ́ ní oṣù keje. Ìdìbò méjì kéré láti fi dá gbogbo obìnrin lẹ́jọ́. Ní ọdún 2004, àwọn Democrat fi Howard Dean sílẹ̀, wọ́n sì mú John Kerry, jagunjagun ogun Vietnam tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló lè borí George W. Bush. Kerry náà fìdí rẹmi, kò sì sí ẹni tó torí rẹ̀ sọ pé ọkùnrin kò lè wọlé mọ́.

Àsọtẹ́lẹ̀ tí a bá sì ṣe nígbà tí ìdìbò ṣì jìnnà máa ń bàjẹ́ púpọ̀. Ìwádìí Gallup fi hàn ní oṣù keje ọdún 1988 pé Michael Dukakis ti ẹgbẹ́ Democrat fi ìdá 17 ṣáájú George Bush àgbà ti Republican. Bush ni ó gba ìpínlẹ̀ 40 ní oṣù kọkànlá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1992, Bill Clinton ni ó wà ní ipò kẹta, lẹ́yìn Ross Perot, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, àti Bush, òun náà ni ó sì di ààrẹ. Mélòó la fẹ́ sọ nípa Trump, tí ọ̀pọ̀ àgbà ẹgbẹ́ Republican fúnra wọn ní kò lè wọlé ní 2016?

N kò wí pé kò sí ohun tí a lè mọ̀ rárá. Barry Goldwater, olùdíje Republican ní 1964, àti George McGovern, olùdíje Democrat ní 1972, fi hàn pé ẹni tí aráàlú bá rí pé ó jìnnà jù sí èrò wọn lè pàdánù gidigidi. Massachusetts àti Washington, D.C. nìkan ni McGovern gbà. Ẹ bèèrè bóyá ẹni tó wù yín ti borí rí ní ìpínlẹ̀ tàbí àgbègbè tí ẹgbẹ́ kejì ti lágbára, kí ẹ sì wò ó bóyá ìbò tó rí ju ti àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lọ́dún kan náà. Ẹ yẹ ara yín náà wò, torí àwọn onímọ̀ ti rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹni tí ènìyàn bá fẹ́ràn ni ó máa ń rò pé yóò wọlé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ to àwọn olùdíje gẹ́gẹ́ bí ètò wọn àti ìwà wọn ṣe tẹ́ yín lọ́rùn, láìro ẹni tí yóò wọlé rárá. Bí ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú yín, ẹ lè jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù borí. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá fẹ̀, ẹ má torí àbá ẹlòmíràn fi ẹni tó wù yín sílẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé, àyàfi bí ó bá ti hàn gbangba pé kò ní í dé ìdá 15 yẹn. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tó bá ku ẹni méjì, ẹ óò ní àyè láti fara mọ́ ẹni tó sàn jù.

Ní ti ìlànà, Texas kì í béèrè pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kankan. Ní ibùdó ni ẹ óò ti sọ ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́, ẹ kò sì lè dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ méjì lọ́dún kan náà. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé olùdìbò ó kéré tán ní ọjọ́ 30 ṣáájú. Bí olùdíje bá ṣì pọ̀ nígbà tí àyè ìdìbò ṣáájú ọjọ́ bá ṣí, tí iṣẹ́ yín kò sì ní dí yín lọ́wọ́, ẹ dúró di ọjọ́ ìdìbò gan-an. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín tó ṣì ń lo green card pé kí wọ́n má ṣe dìbò rárá, nítorí ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ó sì lè mú kí wọ́n lé wọn kúrò nílùú.